Èbu Rere Nínú Oko Kòkó Sàlámọ̀tù

Kí òjò ọdún náà tó bẹ̀rẹ̀ ni ó ti rẹ Sàlámọ̀tù. Kì í ṣe irú àárẹ̀ tí ènìyàn ń sùn kúrò lára. Èjìká ọ̀tún ni ó ti máa ń bẹ̀rẹ̀, níbi tí okùn pọ́ǹpù ti ń gé e lára, á gba ẹ̀yìn sọ̀kalẹ̀ wá sí ìbàdí, tó bá sì fi máa di ọ̀sán, orúnkún méjèèjì á ti máa ké. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta ni. Ìyá Maimunah ni wọ́n ń pè é ní Apòmù, nítorí ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó kù fún un, tó wà nílé ọkọ n'Ìbàdàn. Oko kòkó rẹ̀ wà lọ́nà Ararọ̀mí-Òwu. Ẹni tó bá sọ̀ nínú ọkọ̀ ní oríta á fẹsẹ̀ rìn tó bíi wákàtí kan kí ó tó dé etí odò kékeré tó pa ààlà oko náà.

Gàrúbà ọkọ rẹ̀ ló fi oko náà sílẹ̀. Ọdún tí oyún Maimunah wà nínú rẹ̀ ni àwọn méjèèjì gbìn ín. Gàrúbà ń gbẹ́ ihò, òun ń ki ọmọ kòkó bọ̀ ọ́. Láti ìgbà tí igi náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í so ni Gàrúbà ti ń fín oògùn búlúù sí i ní gbogbo ìgbà òjò, láìbo imú, láìbo ẹnu, títí ẹ̀wù oko rẹ̀ fi dà bí aṣọ tí wọ́n rẹ sínú aró. Ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn ni ikọ́ gbé e lọ. Kò sí dókítà tó sọ pé oògùn ni, Sàlámọ̀tù náà kò sì sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí òun náà kọ́kọ́ gbé pọ́ǹpù kọ́ ẹ̀yìn, ìborùn rẹ̀ ló fi di imú pinpin.

Àrùn tí wọ́n ń bá jà kò ṣòroó dá mọ̀. Bí òjò bá ń rọ̀ léraléra, tí oòrùn kò ráyè wọ abẹ́ igi, àmì kékeré kan á yọ lára èso kòkó, bí ìgbà tí ènìyàn fi ìka tó dọ̀tí tọ́ ọ. Lọ́jọ́ kejì á ti tó àtẹ́lẹwọ́. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, èso tí a ti ń wọ̀nà fún láti oṣù márùn-ún á ti dúdú kúlúkúlú, èbu funfun á sì ti hù lé e lórí. Ohun tó wà nínú rẹ̀ á ti rà. Èyí tó wà lókè á máa kán sórí èyí tó wà nísàlẹ̀, òjò á sì máa bá a pín in kiri.

Àbídì, àbúrò Gàrúbà, tí Sàlámọ̀tù ń pè ní Bàbá Qaosarat, ti ń bá a sọ ọ́ láti ọdún mẹ́ta.

"Ìyàwó wa, jẹ́ ká gé kòkó yìí lulẹ̀, ká gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń wá kiri n'Ìkirè, àwọn oní-dòdò kì í rí i tó. Kòkó yìí ti gbó. Ìwọ náà sì ti ń dàgbà."

Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ohun tí ojú rẹ̀ rí ló ń sọ. Ṣùgbọ́n Sàlámọ̀tù mọ̀ pé igi ni ọwọ́ òun wà lára rẹ̀. Ilẹ̀, ti baba Gàrúbà àti Àbídì ni. Lọ́jọ́ tí igi bá wó, tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹlòmíràn sì hù níbẹ̀, òun ti di àlejò lórí ilẹ̀ tí òun ti ń là fún ọdún mẹ́rìndínlógójì. Nítorí náà, ó máa ń dá a lóhùn pé, "Ó dáa, Bàbá Qaosarat, ẹ jẹ́ ká wo ti ọdún yìí ná." Ọdún yìí á kọjá, ọdún mìíràn á dé, á tún sọ bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kan nínú oṣù keje, ó ti ń fín búlúù láti àárọ̀, ó ti dé ìdajì oko, nígbà tí òjò já. Ó dúró lábẹ́ igi, ó ń wò ó bí búlúù ṣe ń ṣàn kúrò lára èso, tó ń gba ara igi wá sílẹ̀, tó sì ń wọ́ lọ sínú odò. Iṣẹ́ àárọ̀ kan, àti omi tí ó fi orí pọn ní ìgbà mọ́kànlá. Ó jókòó sórí gbòǹgbò, pọ́ǹpù ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ kọ̀.

Ibẹ̀ ni obìnrin kan tó gbé agbòòrùn tó ti ya ti bá a. Susannah Akíndèjì ni, òṣìṣẹ́ agíríìkì láti Ìkirè, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, ẹni bí ọdún márùndínláàádọ́ta. Wọ́n ti ríra rí níbi ìpàdé àwọn àgbẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò sọ̀rọ̀ rí ju kí wọ́n kí ara wọn lọ.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Ṣé kò sí?"

"Kò sí o. Ó rẹ̀ mí ni."

Susannah kò sọ pé kí ó dìde. Ó bá a tú okùn pọ́ǹpù lẹ́jìká, ó gbé e sílẹ̀, òun náà wá ibì kan jókòó sí nínú òjò.

"Ó rẹ èmi náà, Màmá. Láti oríta ni mo ti ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀. Ọ̀kadà ọ́fíìsì wa ti kú láti oṣù kẹta."

Nígbà tó yá, Susannah ki ọwọ́ bọ báàgì, ó mú ìgò ẹlẹ́nu gbàgbà kan jáde, aṣọ tútù ni ó fi wé e.

"Kí lẹ wé bí ọmọ jòjòló báyìí?" Sàlámọ̀tù bi í.

"Kò fẹ́ oòrùn ni, Màmá. Ó wà láàyè."

Ìrẹsì ló wà nínú ìgò náà. Nǹkan aláwọ̀ ewé ti hù bo gbogbo rẹ̀, bí ìgbà tí ewédò bo òkúta.

"Èyí ti bu," Sàlámọ̀tù ní.

"Ó bu lóòótọ́. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó bu ni. Èbu ò jọ èbu, Màmá. Èyí kì í bá kòkó jà. Tí ẹ bá pò ó mómi, tí ẹ fín in sára èso, á tẹ́ ẹní síbẹ̀. Tí èyí tó ń sọ kòkó di dúdú bá wá dé, á bá ilé tó ti kún. Tó bá fẹ́ fi agídí wọlé, èyí á wé mọ́ ọn, á sì jẹ ẹ́."

"Èbu tó ń jẹ èbu."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Tiraikodámà lorúkọ rẹ̀."

"Tírà kí ni?"

Susannah rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó ti gbé ìgò náà dé oko méje láti Orílẹ̀-Òwu títí dé ibí. Àwọn kan ní kí ó fún àwọn ní búlúù, kí ó yé fi ìrẹsì tó bu ṣeré. Ẹnìkan bi í bóyá òun náà lóko kòkó. Kò lóko kòkó.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni Sàlámọ̀tù bi í. "Ẹ̀ẹ̀melòó lèèyàn ń fín in lọ́dún?"

"Bíi márùn-ún, tó bá pọ̀, mẹ́fà. Ṣùgbọ́n mi ò ní parọ́ fún yín, Màmá. Kì í yá bíi ti búlúù. Ẹ sì gbọ́dọ̀ máa já gbogbo èyí tó bá ti dúdú lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ gbé e jìnnà, kí ẹ rì í mọ́lẹ̀. Bí ẹ ò bá já a, kò sóhun tí ẹ fín tó máa ṣiṣẹ́."

Ẹ̀ẹ̀mejìlá ni Sàlámọ̀tù ń fín búlúù lọ́dún tí òjò bá pọ̀. Ó wo pọ́ǹpù náà nílẹ̀. Kì í ṣe pé ó gba ọ̀rọ̀ èbu gbọ́. Ẹni tí ẹrù ti wọ̀ lọ́rùn, tí ẹnìkan ní òun á bá a gbé ìdajì, kì í bèèrè ilé baba onítọ̀hún.

"Ẹ mú un wá," ó ní.

Wọ́n fi apá etí odò sílẹ̀ fún èbu náà, níbi tí ilẹ̀ ti tutù jù, tí àrùn ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Susannah kìlọ̀ fún un pé búlúù kò gbọdọ̀ kan ibẹ̀ mọ́, àti pé kí ó fi ọṣẹ fọ pọ́ǹpù dáadáa kí ó tó lò ó. Ó ní búlúù kì í mọ èbu rere yàtọ̀ sí èbu búburú. Gbogbo rẹ̀ ló ń pa.

Nígbà tí Àbídì gbọ́ orúkọ náà, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Tírà! Kírísítẹ́nì ara Ìkirè ló wá ń ṣe tírà sí kòkó fún ìyàwó wa!" Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, gbogbo abúlé ti gbọ́. Bí Sàlámọ̀tù bá ń kọjá, ẹnìkan á ké sí i pé ṣé tírà ti jẹ́. Kì í dá wọn lóhùn. Okun tí ó fẹ́ fi dáhùn ni ó fi ń já èso dúdú.

Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti fín èbu náà nígbà tí Maimunah pè é lórí fóònù pé ara ọmọ òun kò yá. Ó lọ sí Ìbàdàn, ọjọ́ mẹ́wàá ló sì lò níbẹ̀. Ibà ọmọ náà lọ. Maimunah sọ ohun tó máa ń sọ.

"Màámi, ẹ fi oko yẹn sílẹ̀, kí ẹ wá máa bá wa gbé. Kí lẹ tún ń wá?"

"Màá wá. Jẹ́ kí n kórè ti ọdún yìí ná."

Lọ́jọ́ tó padà dé Apòmù, Àbídì wá kí i káàbọ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú ilé, inú rẹ̀ dùn.

"Fọkàn balẹ̀ o, ìyàwó wa. Mo bá ọ fín oko náà. Mi ò jẹ́ kí iṣẹ́ dúró."

"Ẹ fín in? Apá ibo?"

"Gbogbo rẹ̀ ni mo fín. Títí dé etí odò. Mo rí i pé kò sí búlúù lára ti ibẹ̀ rárá, mo wá fi kún tibẹ̀."

Ó wo ọwọ́ àbúrò ọkọ rẹ̀. Búlúù wà lábẹ́ èékánná rẹ̀. Àgbàlagbà tó ti lé lọ́gọ́ta, tó ní oko tirẹ̀ láti bójú tó, ló fi odidi ọjọ́ méjì rọ omi kún pọ́ǹpù nítorí tirẹ̀. Kí ni ènìyàn fẹ́ sọ? Ó ń wá ìbínú nínú ara rẹ̀, kò rí i. Àárẹ̀ nìkan ló bá níbẹ̀.

"Ẹ ṣeun, Bàbá Qaosarat," ó ní. "Ẹ kú làálàá."

Òjò ọdún náà kò dáwọ́ dúró. Ó fọ búlúù kúrò lára èso, èbu rere sì ti kú sábẹ́ rẹ̀. Nínú èso mẹ́wàá tó wà lórí igi, mẹ́fà sí méje ló dúdú. Nígbà tí Susannah tún dé, Sàlámọ̀tù mú un rìn yí oko náà ká, ó sì sọ bó ṣe rí fún un. Susannah kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ó fi ọwọ́ nu ojú.

"Kò sí òmíràn mọ́, Màmá. Èyí tí wọ́n kó fún wa ti tán. Wọ́n sì ti ní kí n máa kó ẹrù mi lọ sí apá Ìwó. Ọjọ́ Ajé ni lẹ́tà dé."

"Ta ni wọ́n fi rọ́pò yín?"

"Wọn ò tíì rí ẹnì kankan."

Ìgò kan ló kù lọ́wọ́ rẹ̀, ohun tó wà nínú rẹ̀ kò sì ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ. Ó ní ohun tó wà nínú rẹ̀ lè di púpọ̀ bí èèyàn bá mọ̀ ọ́n sìn. Wọ́n kọ́ òun rí. Ṣùgbọ́n ìnira rẹ̀ pọ̀: èèyàn á se ọkà bàbà, kò gbọdọ̀ jinná jù, á sẹ́ omi kúrò lára rẹ̀, ọwọ́ ò gbọdọ̀ dọ̀tí, òróró ò gbọdọ̀ kan ìkòkò, ìgbà tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni wọ́n á fi díẹ̀ lára èbu inú ìgò sí i bí irúgbìn, wọ́n á dì í, kí ooru má pọ̀ jù, kí òtútù má pọ̀ jù, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣí i wò kí ó tó tó àkókò.

Sàlámọ̀tù ń wò ó lẹ́nu.

"Irú lẹ ń sọ yẹn," ó ní.

"Ẹ ní kí ni?"

"Irú ọbẹ̀. Irú nìyá mi ń ṣe n'Ìkirè-Ilé. Irú la fi tọ́ mi dàgbà."

Òótọ́ ni. Nígbà ọmọdé rẹ̀, òun ló ń fọ hóró irú ní odò lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sè é láti òwúrọ̀ dé àṣálẹ́. Ìyá rẹ̀ á tẹ́ ewé sínú agbọ̀n, á da irú sí i ní lílọ́ wọ́ọ́rọ́, á fi ewé bò ó, á fi àpò dì í, á sì gbé e sí kọ̀rọ̀. Bí ọmọ kan bá fọwọ́ ọbẹ̀ kan agbọ̀n náà, yóò jẹ ìgbájú. Ìyá rẹ̀ kò mọ̀ pé ohun alààyè kan tí ojú kò rí ló ń ṣiṣẹ́ nínú ewé náà. Ohun tó máa ń sọ ni pé, "Ẹ fi í sílẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́." Ìgbà míì, ohun mìíràn ló máa ń wọ̀ ọ́, irú náà á yọ̀, á máa rùn òórùn tí kì í ṣe tirẹ̀, wọ́n á sì kó o dànù.

Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, Susannah wá sílé Sàlámọ̀tù ní Apòmù. Wọ́n se ọkà bàbà títí ó fi rọ̀ díẹ̀, wọ́n sẹ́ ẹ, wọ́n tẹ́ ẹ sórí aṣọ mímọ́ kí omi ara rẹ̀ lè gbẹ. Wọ́n bù ú sínú ọ̀rá kéékèèké, wọ́n so ó lẹ́nu, wọ́n tún gbé e sórí omi gbígbóná nínú ìkòkò bíi mọ́ínmọ́ín, kí ohun yòówù tó wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀ lè kú. Nígbà tó tutù, Susannah fi ọtí ọ̀ṣìbítù nu ọwọ́, ó tan àbẹ́là sítòsí, ó fi ṣíbí bu díẹ̀ lára ìrẹsì aláwọ̀ ewé náà sínú ọ̀rá kọ̀ọ̀kan, ó sì yára so ó padà. Kò fi gbogbo ohun tó wà nínú ìgò sí i. Ó fi èyí tó kù sílẹ̀ fún Sàlámọ̀tù, ó sì kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sára ògiri ilé ìdáná pẹ̀lú èédú.

"Ẹ máa pè mí, Màmá. Kì í ṣe iṣẹ́ mi mọ́, ṣùgbọ́n ẹ máa pè mí."

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ló lọ.

Gbogbo ọ̀rá àkọ́kọ́ yẹn ló bàjẹ́. Èbu dúdú ló hù nínú rẹ̀, bíi ti búrẹ́dì àtijọ́. Sàlámọ̀tù kó o lọ sẹ́yìnkùlé, ó dáná sun ún. Ó tún se òmíràn. Èyí hu èbu tó pọ́n bí epo, ó sì fọ́n sí gbogbo ilé ìdáná. Ó fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ ilé ìdáná náà láti àjà dé ilẹ̀, èjìká rẹ̀ ń sunkún. Ẹ̀kẹta kò hu nǹkan kan, ó kàn ń rùn ni. Lọ́jọ́ yẹn, ó jókòó sórí àpótí ìdáná, ó sì rò ó pé bóyá kí òun jẹ́ kí Bàbá Qaosarat gé kòkó náà. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Gbogbo ènìyàn ni ó máa ń rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú ìgò ṣì kù tó ṣíbí méjì. Ó pe Susannah lórí fóònù. Susannah bi í pé báwo ni omi ara ọkà náà ṣe ń pọ̀ tó nígbà tó ń bù ú. Nígbà tí Sàlámọ̀tù ṣàlàyé, òun fúnra rẹ̀ gbọ́ àṣìṣe ara rẹ̀ lẹ́nu ara rẹ̀. Nítorí pé ó ń kánjú kí ó tó lọ sóko, omi ṣì wà lára ọkà náà nígbà tó ń dì í. Ìyá rẹ̀ kì í kánjú di irú.

Ìgbà kẹrin, ó fi odidi ọjọ́ kan jókòó tì í. Kò lọ sóko. Ọ̀rá mẹ́fà ló dì. Lọ́jọ́ kẹrin, méjì ti dúdú, ó yọ wọ́n kúrò. Mẹ́rin tó kù funfun bí òwú. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹsàn-án, àwọ̀ ewé ti ń yọ lára wọn láti ẹ̀gbẹ́, díẹ̀díẹ̀. Ó gbé ọ̀kan sókè lójú fèrèsé, ó wò ó. "Àlùhàmúdùlíláì," ó ní. Ó wá lọ dùbúlẹ̀, ó sì sùn títí wọ́n fi pe ìrun Alásárì.

Ọ̀rọ̀ tírà náà kò tíì kúrò nílẹ̀. Ní àsàlátù ọjọ́ Àìkú kan, Alájà Fàtíà, tó jẹ́ olórí àwọn obìnrin, fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ìyá Maimunah, ẹ má bínú o. Wọ́n ní ẹ ń lo tírà sí kòkó, wọ́n tún ní ẹ ń tan àbẹ́là sí i."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Alájà."

Ojú Alájà Fàtíà là. Ó rẹ Sàlámọ̀tù jù láti ṣàlàyé, ó kàn mú un lọ sílé. Ó fi ọkà bàbà tó hu èbu ewé hàn án, ó jẹ́ kí ó gbóòórùn rẹ̀. Alájà Fàtíà ń yí ọ̀rá náà sọ́tùn-ún sósì.

"Àbí irú lẹ ń ṣe?" ó bèèrè.

"Irú kòkó ni," Sàlámọ̀tù dáhùn. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní irú kòkó. Orúkọ tírà kú fúnra rẹ̀.

Nígbà tí òjò ọdún kejì bẹ̀rẹ̀, ó sọ fún Àbídì gbangba pé kí ó jọ̀wọ́, kí ó má ṣe ran òun lọ́wọ́ ní apá etí odò. Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, Àbídì sì gbà. Ní ìrọ̀lẹ́ tí oòrùn bá ti rọ̀, á gbo ọkà aláwọ̀ ewé náà nínú omi, á fi aṣọ sẹ́ ẹ kí ó má bàa dí ẹnu pọ́ǹpù, á sì fín in. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló fín in láti oṣù karùn-ún títí dé oṣù kẹsàn-án. Ní Ọjọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan, á já èso tó bá ti dúdú, á kó o sínú agbọ̀n, á rù ú lọ sí ihò tó jìnnà, á sì bò ó. Iṣẹ́ yẹn gan-an ló le jù. Àwọn Ọjọ́bọ̀ kan wà tí ó sọ̀rọ̀ sókè sí Gàrúbà nínú oko náà, kì í ṣe pé ó ń sunkún, ó kàn ń sọ fún un pé, "O ò rí mi bí?"

Ní oṣù kẹwàá, ó ka èso lórí ogún igi ní etí odò, ó sì ka ti ogún igi ní òkè níbi tó ti ń fín búlúù. Nínú mẹ́wàá, mẹ́ta ló dúdú ní etí odò. Ní òkè, márùn-ún. Ó tún un kà, nítorí kò fọkàn tán ojú ara rẹ̀. Ó pe Susannah ní Ìwó.

"Mẹ́ta nínú mẹ́wàá," ó ní. "Ó ṣì ń bàjẹ́."

Ohùn Susannah yí padà. "Màmá, etí odò kẹ̀. Níbi tí méje ti ń bàjẹ́."

"Mo mọ̀," Sàlámọ̀tù ní. "Mo kàn fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ bó ṣe rí."

Kò jó, kò yọ̀ lójú òpópó. Apá òkè ní láti di ti irú kòkó náà lọ́dún tó ń bọ̀, ìyẹn túmọ̀ sí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀rá, igi ìdáná, àti ọjọ́ tó máa fi jókòó ti ìkòkò. Èjìká rẹ̀ kò san. Nígbà tí Maimunah wá kí i, ó fi òróró ra á fún un, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ Ìbàdàn. Sàlámọ̀tù ní òun á wá lo oṣù kan lẹ́yìn ìkórè. Oṣù kan ló ní. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ó dá iye ọjọ́ tó máa lò.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn, Àbídì wá sóko náà. Kò mẹ́nu kan ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó rìn lọ sí etí odò, ó fọwọ́ kan èso kan tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó rìn padà wá. Oko tirẹ̀ ti dúdú tán lọ́dún náà. Gbogbo abúlé ló mọ̀, kò sí ẹni tó sọ ọ́ sí i létí. Ó jókòó ti Sàlámọ̀tù níbi tó ti ń fọ́ kòkó, ó mú àdá, ó ń bá a fọ́ ọ. Wọ́n fọ́ ọ títí òkìtì èèpo rẹ̀ fi ga.

"Èjìká ńkọ́?" ó bèèrè.

"Ó wà níbẹ̀."

Àbídì tún fọ́ mẹ́ta, mẹ́rin sí i.

"Lọ́dún tó kọjá," ó ní, kò wojú rẹ̀, "nígbà tí mo fín etí odò. Èmi ni mo pa á, àbí?"

"Ẹ ò mọ̀, Bàbá Qaosarat."

"O ò sọ fún mi."

"Ó rẹ̀ mí nígbà yẹn."

Àbídì gbá ìdọ̀tí kòkó kúrò lẹ́sẹ̀. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó bèèrè ọjọ́ wo ni Sàlámọ̀tù tún máa se ọkà bàbà, nítorí pé òun ní ọkà díẹ̀ nílé tí òun lè gbé wá, òun kò sì ní ṣe ju kí òun jókòó máa wò ó.

"Ọjọ́rú," Sàlámọ̀tù ní. "Ẹ gbé igi ìdáná dání. Ẹ fi ọṣẹ fọwọ́ yín dáadáa kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ má sì jẹ́ kí búlúù wà léèékánná."